Iyè Alájà: Èdè-Ìperí fún Kọ̀ǹpútà Alágbára

Nígbà tí a sọ kọ̀ǹpútà ní ẹ̀rọ ayárabíàṣá, eré rẹ̀ ló jọ wá lójú. Orúkọ náà dára, ó sì ti fìdí múlẹ̀. Àmọ́ nínú àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ń ṣírò ojú ọjọ́ lónìí, ìṣirò nìkan kọ́ ni wàhálà mọ́. Kíkó dátà dé ibi ìṣirò ló le. Láti 1995 ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà, William Wulf àti Sally McKee, ti kìlọ̀ pé eré aṣèṣirò, ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tó ń ṣe ìṣirò, ń fi ti ibi ìpamọ́ dátà sílẹ̀ sẹ́yìn, pé aṣèṣirò yóò kàn máa dúró de dátà ni. Ibẹ̀ ló yẹ kí èdè-ìperí wa ti bẹ̀rẹ̀: ká wo iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe, ká fi sọ ọ́ lórúkọ.

Iyè ni mo pe ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó dátà pamọ́ sí. Ẹni tó bá gbọ́ ìsọ̀yè rí kò ní béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Ká má ṣe gbàgbé àmì ohùn o, kí wọ́n má baà kà á sí ìyè tí í ṣe òdìkejì ikú.

Ẹ wo kọ̀ǹpútà Frontier tó wà ní Oak Ridge, ní ìpínlẹ̀ Tennessee, l'Amẹ́ríkà. Ní 2022, òun ló kọ́kọ́ kọjá ìṣirò bílíọ̀nù lọ́nà bílíọ̀nù láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan lórí TOP500, àtòjọ àwọn kọ̀ǹpútà tó lágbára jù lágbàáyé. GPU inú rẹ̀, ìyẹn ṣíìpù tó ń ṣe ọ̀pọ̀ ìṣirò lẹ́ẹ̀kan náà, lé ní 37,000. (Kí GPU máa jẹ́ GPU; ó ti mọ́ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́nu.) Ẹ̀gbẹ́ GPU kọ̀ọ̀kan ni wọ́n to iyè sí, pẹlẹbẹ lórí pẹlẹbẹ. Wọ́n lu ihò tíntìntín já wọn, wọ́n fi bàbà dí i, kí dátà lè máa gba ibẹ̀ gòkè sọ̀kalẹ̀. Ọ̀nà kúrú, ọ̀nà sì pọ̀, nítorí náà dátà ń tètè dé, iná tí ìrìnnà rẹ̀ ń jẹ sì dín kù. Bí a ṣe ní ilé alájà, iyè alájà ni mo pe èyí. Bí a bá túmọ̀ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, high-bandwidth memory, ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, «iyè onífífẹ̀ gíga» la máa bá bọ̀, kò sì ní yé ẹnikẹ́ni.

Mo tún ní orúkọ méjì mìíràn. Ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n ń lò dípò wáyà láàárín ṣíìpù, ìfìmọ́lẹ̀ránṣẹ́ ni mo pè é. Irú kọ̀ǹpútà bíi SpiNNaker ti Yunifásítì Manchester, tó ń ṣiṣẹ́ bíi sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, afarawé-ọpọlọ ni mo pè é.

Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú rẹ̀ ní 1984 gbájú mọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Irú rẹ̀ fún ẹ̀rọ ti pẹ́ jù kó tó dé. Ẹ̀yin olùkọ́ físíìsì àti ẹ̀yin olùkọ́ Yorùbá, ẹ jọ jókòó tì í. Ẹ dán àwọn orúkọ wọ̀nyí wò ní kíláàsì, èyí tí kò bá sì rọ àwọn ọmọ lẹ́nu, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.