Àgbà Tó Wà Lọ́jà Ẹlòmíràn

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí wọ́n bá ti pa òwe yìí, orí àgbà ni ọ̀pọ̀ wa ń gbé gbogbo rẹ̀ lé. A ó ní ọgbọ́n àgbà ni òwe ń yìn. Ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi jẹ́ ọjà? Kí ló dé tí wọn kò fi sọ pé ilé tàbí oko? Nínú ilé, ọmọ ní ìyá àgbà, ó ní ẹ̀gbọ́n, ojú tó ń ṣọ́ ọ pọ̀. Lọ́jà, ẹni tó ń tà ń wá èrè, ẹni tó ń rà ń wá ẹ̀dínwó, kálukú sì ń sáré kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìyá tó pọn ọmọ gan-an kò rí i, torí ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọmọ wà. Orí lè wọ́ títí kí ìyá tó mọ̀. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló lè rí i, ẹni tí kò bá wọn tan, tí kò sì ní èrè kankan nínú ohun tí ìyá ń ná lọ́wọ́. Iṣẹ́ tí òwe gbé lé àgbà lọ́wọ́ kò ju pé kó wà níbẹ̀, kó rí i, kó sì lanu sọ̀rọ̀.

Èmi ò tíì rí iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kankan tí òwe yìí bá mu tó ti takisí. Èrò tó bọ́ sínú takisí lóru kò yàtọ̀ sí ọmọ ẹ̀yìn ìyá. Kò mọ ẹni tó ń wa òun, kò mọ bí búrẹ́kì ṣe rí, bó bá sì jẹ́ àlejò, kò mọ ọ̀nà, áńbọ̀sìbọ́sí iye tó yẹ kó san. Bí a bá fẹ́ ra tòmátò, a lè fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò. Ta ló ń bá wa tẹ awakọ̀ wò?

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ. Níbẹ̀, yàtọ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù tó ní ètò tirẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ ni òfin fi ṣe àgbà ọjà takisí, àwọn ọmọ Yorùbá tó ń fi takisí àti míníkáàbù jẹun níbẹ̀ kò sì kéré. Òfin náà ti pẹ́. 1847 ni wọ́n ṣe é, ọdún kan lẹ́yìn tí Àjàyí Crowther àti Townsend wọ Abẹ́òkúta, nígbà tó jẹ́ pé ẹṣin ló ń fa ọkọ̀. Òfin kan náà ló ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe lu kápẹ́ẹ̀tì tàbí gbọn ẹní lójú pópó. Ẹ lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun náà ló ní awakọ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, òun ló ní awakọ̀ kò gbọ́dọ̀ kọ èrò láìnídìí, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ títí dòní.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fowó lé ọkọ̀ wà nínú òfin mìíràn tó jáde ní 1976. Àwọn awakọ̀ a kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ pé epo ti wọ́n, pé owó adójútòfò ti lé, pé ohun tí mítà ń kọ kò tó jẹun mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ a ṣírò, àwọn káńsẹ́lọ̀ a jíròrò, wọ́n á wá gbé iye tuntun sínú ìwé ìròyìn àdúgbò. Ó kéré tán, ará ìlú ní ọjọ́ 14 láti ta kò ó. Bí ẹnì kan bá ta kò ó, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò kí owó náà tó múlẹ̀. Ohun tó bá jáde kì í ṣe iye kan ṣoṣo: owó àkọ́wọ̀ wà, owó máìlì wà, owó ìdúró wà bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá mú ọkọ̀, ti òru yàtọ̀ sí ti ọ̀sán, ti Kérésì sì yàtọ̀ sí gbogbo wọn. Ọ̀pọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ tilẹ̀ kọ iye tí ẹni tó bá bì sínú ọkọ̀ yóò san. Awakọ̀ lè gba ohun tó dín sí ti mítà. Ohun tó lé ni kò gbọ́dọ̀ gbà.

Nílé ńkọ́? Òfin ìpilẹ̀ 1999 fi gáréèjì sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ bi oní-Micra kan ní Ìbàdàn léèrè pé ta ló ní kó gba iye tó ń gbà, kò dájú pé yóò dárúkọ alága ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ fún yín. Àwọn ará gáréèjì ni yóò kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu. Bí òjò bá sì ti ṣú ní Òṣòdì, owó ọkọ̀ á ti fò kí ẹ̀kán àkọ́kọ́ tó kán sílẹ̀.

Kí ẹ má baà rò pé Òyìnbó kò ní òjò tirẹ̀, ẹ wo míníkáàbù. Ọkọ̀ tí èèyàn gbọ́dọ̀ pè sílẹ̀ kó tó wọ̀ ọ́ nìyẹn. Kò gbọ́dọ̀ já èrò gbà lójú títì bíi takisí. Ìjọba ìbílẹ̀ ló ń fún awakọ̀ rẹ̀ níwèé àṣẹ, àmọ́ òfin kò fún un lágbára láti fowó lé e. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: ẹni tó pe ọkọ̀ láti ilé ti ráyè béèrè iye, bí kò bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó pe ẹlòmíràn. Ẹni tó nawọ́ sí ọkọ̀ lójú títì kò ráyè dúnàádúrà. Ìpínyà yìí mọ́gbọ́n dání nígbà tí tẹlifóònù ń gbé orí tábìlì. Lónìí, ọwọ́ ẹni tó dúró sínú òjò ni fóònù wà, ápù tó fi ń pe ọkọ̀ sì ń fi kún owó bí àwọn tó ń pè é ṣe ń pọ̀ sí i. Òṣòdì àti Leeds nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti di ọmọ ìyá.

Ṣùgbọ́n owó ni ìyẹn; èèyàn lè san án kó sì máa kùn lọ sílé. Ọ̀rọ̀ ìwà ni orí ọmọ tí òwe ń wí. Òfin ní ìjọba ìbílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fún ẹnikẹ́ni níwèé àṣẹ àfi bó bá dá a lójú pé ẹni náà yẹ lẹ́ni tó ń gbé èèyàn. Láísẹ́ǹsì ìwakọ̀ lásán kò tó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún oṣù 12. Wọ́n á wo àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá, wọ́n á wo ìlera, ẹ̀ṣẹ̀ àtijọ́ tí òfin ń bá àwọn mìíràn gbàgbé kò sì kúrò lójú wọn. Ìlànà tí ìjọba gbé jáde ní oṣù Keje 2020 wá kó gbogbo rẹ̀ sínú ìbéèrè kan: ṣé o lè jẹ́ kí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ká ọ lára dá wọ ọkọ̀ ẹni yìí, lọ́sàn-án tàbí lóru? Bí iyèméjì bá wà, kí wọ́n má ṣe fún un. Ó dà bíi pé ìyá àgbà kan ló bá wọn kọ ọ́. Ẹni tí wọ́n bá kọ̀ lè gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ sí kóòtù májísírétì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Rotherham wà lára ohun tó mú kí ìlànà náà le tó bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ 2014, Alexis Jay gbé àbọ̀ ìwádìí jáde, ó fojú bù ú pé nǹkan bí ọmọ 1,400 ni wọ́n ti bá ṣèṣekúṣe ní ìlú náà láàárín 1997 sí 2013. Léraléra ni ọ̀rọ̀ takisí ń yọjú nínú àbọ̀ náà. Àwọn awakọ̀ kan wà lára àwọn tó ń gbé àwọn ọmọ wọ̀nyẹn kiri. Ní oṣù Kejì 2015, Louise Casey ṣe ìwádìí tirẹ̀, ó ní ìjọba ìbílẹ̀ náà kò kúnjú ìwọ̀n iṣẹ́ rẹ̀, títí kan ọ́fíìsì tó ń fún takisí níwèé àṣẹ. Ìjọba gba àkóso lọ́wọ́ wọn, ó fi àwọn kọmíṣọ́nnà síbẹ̀, wọ́n sì sọ kámẹ́rà di dandan nínú ọkọ̀. Àgbà wà lọ́jà nígbà náà o. Ó ní ọ́fíìsì, ó ní òǹtẹ̀, ó ń gbowó ìwé àṣẹ. Ìṣojú rẹ̀ ni orí ọmọ ṣe wọ́.

Òmíràn tún wà tí àwọn tó kọ́kọ́ pa òwe yìí lè má rò tẹ́lẹ̀: àgbà tó wà lọ́jà, àmọ́ tí ọjà náà kì í ṣe tirẹ̀. Awakọ̀ míníkáàbù tó gbàwé àṣẹ ní ìlú kan lè máa ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn. Òfin kan tó jáde ní 2015 sì tún mú un rọrùn fún àwọn ilé iṣẹ́ míníkáàbù láti gbé iṣẹ́ fún ara wọn láti ìlú sí ìlú. Bí Wolverhampton ṣe di ibi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún awakọ̀ ti ń gbàwé àṣẹ nìyẹn, torí pé ó yá níbẹ̀, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Manchester ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń ṣiṣẹ́, ibi tó fi ohun tó ju 50 máìlì lọ jìnnà sí Wolverhampton. Ìjọba ìbílẹ̀ Manchester kọ́ ló fún wọn níwèé àṣẹ, kò sì lè gbà á lọ́wọ́ wọn. Wolverhampton ní tirẹ̀ sọ pé òfin kò gba òun láyè láti lé ẹni tó yege padà nítorí ibi tó ń gbé, mi ò sì lè sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa.

Òfin 2022 gbìyànjú láti dí àlàfo náà díẹ̀. Bí ìjọba ìbílẹ̀ bá rí ìwà burúkú lára awakọ̀ àlejò, ó ní ọjọ́ iṣẹ́ 10 láti fi tó àwọn tó fún un níwèé àṣẹ létí. Àwọn yẹn ní ọjọ́ iṣẹ́ 20 láti fèsì. Ní oṣù Kẹfà 2025, Casey yìí kan náà tún gbé àbọ̀ mìíràn jáde, ó ní kí ìjọba fòpin sí takisí tó ń ti ìlú onílùú wá ṣiṣẹ́. Wolverhampton kò kàn jókòó sílé ṣá. Ó ń rán àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jáde lóru lọ sí àwọn ìlú mìíràn, kí wọ́n lọ máa yẹ ọkọ̀ tó gbé orúkọ ìlú wọn wò ní òpópónà tí kì í ṣe tiwọn.