Bíbọ́ ehoro tí eyín ń yọ lẹ́nu

Eyín 28 ni ehoro ní, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó ń ṣíwọ́ gígùn títí ẹran náà fi máa kú. Tiwájú ń gùn tó nǹkan bí mìlímítà 2 sí 3 lọ́sẹ̀. Koríko ló ń bu wọ́n kù: bí ehoro ṣe ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ̀ ọ́ lọ sọ́tùn-ún sósì, eyín òkè àti tìsàlẹ̀ á máa ha ara wọn. Bí koríko bá wọ́n nínú oúnjẹ rẹ̀, eyín ẹ̀rẹ̀kẹ́ á yọ ṣóńṣó; tìsàlẹ̀ á máa gé ahọ́n, tòkè á máa gún ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́. A bí àrùn eyín mọ́ àwọn kan, pàápàá ehoro aràrá onímú kúkúrú, tí àgbọ̀n wọn kì í bá ara mu dáadáa.

Ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sin ehoro lọ́nà ni pé wọ́n ń pe ìrora ní àṣàjẹ. Bí ehoro bá pa koríko tì, tó ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọn á ní ìkẹ́ ló bà á jẹ́. Ẹ wò ó dáadáa nídìí àwo: á sáré wá, á gbé pẹ́lẹ́ẹ̀tì kan, ìyẹn hóró oúnjẹ ehoro, sẹ́nu, á yí i díẹ̀, á jù ú sílẹ̀, á tún gbé òmíràn. Ebi ń pa á, eyín ni kò jẹ́ kó jẹun. Itọ́ lè máa rin àgbọ̀n rẹ̀, omi lè máa dà lójú rẹ̀, nítorí gbòǹgbò eyín iwájú tòkè wà nítòsí ọ̀nà tí omijé ń gbà. Ọ̀dọ̀ dókítà ẹran ló yẹ ká kọ́kọ́ gbé e lọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ohun ìgékánná gé eyín náà nílé, torí ó lè là dé gbòǹgbò. Bí tiwájú kò bá yéé yọni lẹ́nu, dókítà lè yọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ehoro á fi ètè kó oúnjẹ tí a bá gé wẹ́wẹ́.

Àṣàjẹ gidi wà o, ṣùgbọ́n àwa la sábà máa ń kọ́ wọn. Nínú músílì, ìyẹn oúnjẹ ehoro aládàpọ̀, ehoro á ṣa àgbàdo àti ẹ̀wà jẹ, á fi èyí tó ní fáíbà sílẹ̀. Ìwádìí tí Yunifásítì Edinburgh gbé jáde lọ́dún 2015 fi hàn pé eyín ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn tó ń jẹ músílì nìkan gùn, ó sì tẹ̀, ju ti àwọn tó ń jẹ koríko gbígbẹ lọ. Ó kéré tán, ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún oúnjẹ ehoro yẹ kó jẹ́ koríko. Pẹ́lẹ́ẹ̀tì kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 25 lójúmọ́ fún kílò kan ara rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ la ó yí oúnjẹ padà, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Fún èyí tí ẹnu ṣì ń dùn, ẹ gé koríko gbígbẹ kúkúrú, ẹ wá koríko tútù múlọ́múlọ́, ẹ rẹ pẹ́lẹ́ẹ̀tì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ títí á fi rọ̀.

Ehoro tí kò jẹun fún wákàtí 12 wà nínú ewu, torí ìfun rẹ̀ lè dáṣẹ́ sílẹ̀. Bí dókítà bá ní ká fi sírínjì bọ́ ọ, ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì wé e, kó jókòó lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ má ṣe dá a dùbúlẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu, níbi àlàfo ẹ̀yìn eyín iwájú, ni ẹnu sírínjì ń gbà wọlé. Ẹ fún un ní nǹkan bí mìlílítà kan, kó gbé e mì kí òmíràn tó tẹ̀ lé e. Bí ikùn rẹ̀ bá wú tó sì le, ẹ má fún un ní nǹkan kan kí dókítà tó rí i.

Ehoro tí eyín ń dùn kì í lè jẹ ìgbẹ́ rírọ̀ rẹ̀ bó ṣe yẹ, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ọn nídìí. Ẹ máa yẹ ibẹ̀ wò lójoojúmọ́ kí eṣinṣin má baà yé ẹyin síbẹ̀, kí ẹ sì máa gbé e lé òṣùwọ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.