Orúkọ Tó Bá Iṣẹ́ Mu: Bọ́ọ̀lù Àwọn Ọmọ Girama Amẹ́ríkà ní Pápá Yunifásítì

Bí ènìyàn bá mú orúkọ tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń pe ìdíje tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí, tó ń tú u sí Yorùbá ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ náà yóò dorí kodò mọ́ ọn lọ́wọ́. Ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìnlá sí méjìdínlógún ń lọ ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí gíga pè. Lọ́dọ̀ wa, yunifásítì àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ gíga. Yunifásítì ni àwọn ń pè ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Lọ́dọ̀ wa, King's College tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1909, ilé ẹ̀kọ́ girama ni. Ọmọ girama tó lọ ṣeré ní pápá yunifásítì yóò wá di ọmọ yunifásítì tó lọ ṣeré ní pápá girama. Eré náà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Orúkọ rẹ̀ so ẹsẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀lù, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e, ọwọ́ ni wọ́n fi ń jù ú, ẹsẹ̀ kì í kàn án àfi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun mẹ́ta péré la fẹ́ sọ, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ṣìnà. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá sọ eré yìí kò gbọdọ̀ máa tẹ̀lé orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì sọ nǹkan. Iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe ni kó wò, kó sì wá orúkọ tó bá iṣẹ́ yẹn mu láàárín ọ̀rọ̀ tí a ti ní.

Ìdíje ọ̀hún kì í ṣe kékeré. Ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, láti 1982 ni àṣekágbá àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama ti ń wáyé ní Camp Randall, pápá tí Yunifásítì Wisconsin ti ń lò ní Madison láti 1917. Ọ̀wọ́ méje ni wọ́n pín àwọn ilé ẹ̀kọ́ náà sí gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ wọn ṣe pọ̀ tó, ọjọ́ méjì nínú oṣù Kọkànlá ni wọ́n sì fi ń parí méjèèje. Ní Nebraska, Memorial Stadium ìlú Lincoln, tí wọ́n ṣí ní 1923, ni àwọn ọmọ girama ń forí lé. Nebraska kò ní ikọ̀ nínú líìgì ńlá àwọn tó fi bọ́ọ̀lù yìí ṣe iṣẹ́ oòjọ́, nítorí náà pápá yunifásítì ni òkè téńté ohun tí ọmọ ìpínlẹ̀ náà lè fojú sùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Alabama, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àṣekágbá girama rẹ̀ ní 2009 láàárín Bryant-Denny ní Tuscaloosa, tó ń gba èèyàn tó lé ní 100,000, àti Jordan-Hare ní Auburn, kí Birmingham tó wá dara pọ̀ mọ́ wọn. Orúkọ Yorùbá kò sì ṣàjèjì nínú eré náà. Dare Ogunbowale fi Camp Randall ṣe pápá ilé nígbà tó wà ní Yunifásítì Wisconsin. Adewale Ogunleye ṣeré fún Miami àti Chicago. Olusegun Oluwatimi gba àmì ẹ̀yẹ Outland àti Rimington ní 2022 nígbà tó wà ní Michigan. Nínú ọgbà yunifásítì tí Camp Randall wà gan-an, wọ́n ń kọ́ni ní èdè Yorùbá. A ò lè máa yọ̀ mọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ kí a má sì ní ọ̀rọ̀ tí a ó fi sọ ohun tí wọ́n ṣe.

Bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ti rin ọ̀nà yìí kọjá, ó sì yẹ ká wo ipa ẹsẹ̀ rẹ̀. Góòlù di ayò, nítorí pé ayò olọ́pọ́n ti wà nílẹ̀ kí òyìnbó tó gbé bọ́ọ̀lù dé. Bí ikọ̀ méjì bá jọ ta á tí ẹnì kankan kò borí, a ní wọ́n ta ọ̀mì, inú ọpọ́n kan náà ni ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde. Akọ́nimọ̀ọ́gbá, aṣọ́lé, atamátàsé: odidi gbólóhùn ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, wọ́n ká a kò sínú orúkọ kan, iṣẹ́ ẹni náà ló sì ń sọ. Kò sí ìtàsé kankan nínú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí atamátàsé rọ́pò. Ẹni tó kọ́kọ́ pe ọ̀rọ̀ yẹn wo ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, ó rántí ọdẹ, ó sì sọ ohun tó rí. Àwọn onímọ̀ èdè náà gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ nínú Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìíní rẹ̀ ní 1984. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kì í ṣe tuntun, bí ẹnu Yorùbá ṣe ń ṣiṣẹ́ ni.

Kí wá ni iṣẹ́ eré yìí? Ilẹ̀ gbígbà ni. Yáàdì 100 ló wà láàárín ìlà ilé kan sí èkejì. Ànfààní mẹ́rin ni ikọ̀ tó gbé bọ́ọ̀lù dání ní láti fi gba yáàdì 10. Bó bá gbà á, wọ́n á tún ka mẹ́rin mìíràn fún un. Bí kò bá gbà á, bọ́ọ̀lù di ti ẹnìkejì níbi tó dé. Nítorí náà ni mo ṣe ń pè é ní bọ́ọ̀lù àjàgbalẹ̀. Ibi tí ikọ̀ méjèèjì ti ń dojú kọ ara wọn kí bọ́ọ̀lù tó kúrò nílẹ̀ kò nílò ìṣẹ̀dá rárá, ààlà ni, gbogbo ẹni tó ti bá mọ̀lẹ́bí pín oko ló sì mọ ohun tí à ń pè ní kí ààlà sún. Àwọn tó ń na ṣéènì yáàdì 10 lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá láti mọ̀ bóyá ilẹ̀ pé, awọnlẹ̀ ni wọ́n. Ikọ̀ kan ń kọlù, ìkejì ń ṣọ́lẹ̀. Bí a bá ti fi ilẹ̀ ṣe ìpìlẹ̀, ìdajì ọ̀rọ̀ náà ti wà nílé.

Èyí tó le ni orúkọ ànfààní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn. Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ìsàlẹ̀ pè é, ṣùgbọ́n "ìsàlẹ̀ kẹta" létí Yorùbá, àjà ilé tàbí àdúgbò ni yóò mú wá sọ́kàn. "Ìgbìyànjú" sàn jù, àmọ́ kò sọ ohun tó ń fi òpin sí i. Ìkanlẹ̀ ni mo yàn. Nínú òfin girama àti ti yunifásítì, bí orúnkún tàbí ìgbúnwọ́ ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù bá ti kanlẹ̀, eré dúró, ìbáà jẹ́ pé ẹnì kankan kò fọwọ́ kàn án. Ti àwọn tó fi í ṣe iṣẹ́ oòjọ́ ló yàtọ̀, nítorí ibẹ̀, ó dìgbà tí alátakò bá fọwọ́ kàn án. Ẹnì kan lè sọ pé bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù tí ẹnì kankan kò mú ń parí ànfààní láìsí ẹni tó ṣubú. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù náà kanlẹ̀. Ẹni tó jáde kúrò ní pápá ńkọ́? Fífọwọ́ tàbí fífẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ìta ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ó jáde. Àtakò tó rinlẹ̀ jù lọ ni ti bọ́ọ̀lù tó bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé e sáré: ó kanlẹ̀, eré sì ń lọ. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ mi kò ká èyí mọ́. Ìbọ́ ni ká máa pè é, kó dá dúró lọ́tọ̀, nítorí orúkọ kì í ṣe ìwé òfin, kò sì lè gbé gbogbo àyàfi inú òfin rù.

Lórí àmì gbígbà, Gẹ̀ẹ́sì tún fẹ́ tàn wá. Orúkọ tí wọ́n fún àmì mẹ́fà, èyí tó ga jù, ń sọ pé kí a fi bọ́ọ̀lù kan ilẹ̀. Nínú rọ́gíbì, bẹ́ẹ̀ ló rí. Nínú eré yìí, kí bọ́ọ̀lù ṣáà ti kan òkè ìlà ilé, ó ti tó. Ẹni tó bá tú u ní tààrà ti kọ́ òǹkàwé ní òfin tí kò sí. Bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ti fún wa ní ilé, nítorí náà ìwọlé ni mo pè é. Lẹ́yìn ìwọlé, wọ́n á gbé bọ́ọ̀lù sí yáàdì mẹ́ta síta ilé, kí ikọ̀ náà tún gbá a fún àmì kan tàbí gbé e wọlé fún àmì méjì. Èènì nìyẹn. Ẹlòmíràn á ní ọ̀fẹ́ ni èènì, pé èyí ní alátakò níwájú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ọjà wa mọ̀ pé kì í dédé bọ́ síni lọ́wọ́.

Ní ti àwọn eléré, ohùn ọ̀rọ̀ gan-an ló kọ́kọ́ ń dí wa lọ́wọ́. Agbábọ́ọ̀lù ni gbogbo eléré bọ́ọ̀lù lédè wa, bẹ́ẹ̀ nínú eré yìí, ẹni méjì tàbí mẹ́ta péré nínú ikọ̀ ló ń fẹsẹ̀ gbá a. Bí a bá sì fẹ́ pe ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù ní agbabọ́ọ̀lù, àmì ohùn kan ṣoṣo ló yà á sọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn kì í fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀. Nítorí náà ahánbọ́ọ̀lù ni, láti ara hán, ìyẹn mímú ohun tí wọ́n jù kí ó tó balẹ̀. Kí a fi agbábọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún ẹni tó ń gbá a lóòótọ́. Ní oṣù Kọkànlá 2023, Ogunbowale, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ gbígbé bọ́ọ̀lù sáré, ló gbá a sáàárín òpó fún Houston nígbà tí agbábọ́ọ̀lù wọn farapa. Orúkọ tó ń sọ iṣẹ́ ló lè sọ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ yéni. Mímú alátakò balẹ̀ ti ní ọ̀rọ̀ látinú ìjàkadì: wọ́n dá a. Ẹni tí gbogbo ojú ń wò láàárín, àwọn kan á fẹ́ sọ ọ́ di balógun. Èmi kò fara mọ́ ọn. Oyè ni balógun, àwọn tó ń jẹ ẹ́ wà láàyè nínú ìlú, oyè kò sì sọ ohun tí ọmọ náà ń ṣe. Ó ń fi bọ́ọ̀lù lé ẹnì kan lọ́wọ́, ó ń jù ú sí ẹlòmíràn, tàbí kó dá a dúró sọ́wọ́ ara rẹ̀. Apínbọ́ọ̀lù ni.

Ibi tí girama ti pàdé yunifásítì lórí pápá kan náà ni ọ̀rọ̀ ti gbọ́dọ̀ mú jù lọ, nítorí òfin méjèèjì kò bára mu. Pápá náà fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 160. Bí eré bá parí létí pápá, wọ́n á dá bọ́ọ̀lù padà sórí ìlà kéékèèké kan kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀. Ìdápadà ni mo pe ìlà yẹn. Ìdápadà girama pín pápá sí mẹ́ta ọgbọọgba. Ti yunifásítì wà ní ẹsẹ̀ bàtà 60 sí etí pápá lọ́tùn-ún lósì, tó fi jẹ́ pé 40 péré ló wà láàárín. Òpó girama fi ẹsẹ̀ bàtà 23 àti íńṣì 4 jìnnà síra. Ti yunifásítì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 18 àti íńṣì 6. Bí wọn kò bá pààrọ̀ òpó, ojú ọ̀nà tí ọmọ náà ti ń gbá bọ́ọ̀lù sí láti ọjọ́ yìí ti dín ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún lọ́jọ́ tó ṣe pàtàkì jù fún un. Èyí ni ìdí tí "pápá yunifásítì" kò fi gbọdọ̀ di "pápá ńlá" lásán lẹ́nu oníròyìn. Ohun kékeré tí wọ́n ń gbé bọ́ọ̀lù lé kí wọ́n tó gbá a sáàárín òpó náà wà níbẹ̀: òfin girama gbà á, òfin yunifásítì ti kà á léèwọ̀ fún irú ìgbá yẹn láti 1989. Òṣùká ni orúkọ tó tọ́ sí i, torí ohun tí à ń gbé ẹrù lé ni.

Àwọn kan yóò ní kí a fi ọ̀rọ̀ òyìnbó sílẹ̀ bó ṣe wà, kí a kàn máa pè é bí ẹnu wa ṣe lè pè é. Mi ò kórìíra àyálò. Yáàdì wà lẹ́nu gbogbo ẹni tó ti ra aṣọ ẹbí rí, n kò sì rí ìdí tí a ó fi sọ ọ́ di mítà fún eré tó jẹ́ yáàdì ni wọ́n fi ń kà á. Ṣùgbọ́n àyálò tó bá wá láìní ìmọ̀ nídìí máa ń fi ìyá àgbà tó ń bá ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní Milwaukee sọ̀rọ̀ lórí fóònù sílẹ̀ síta ni. Bó bá gbọ́ pé wọ́n dá ọmọ òun kí ó tó pín bọ́ọ̀lù, yóò béèrè bóyá ó farapa. Bó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ òyìnbó, yóò kàn ní ó dáa. Àwọn mìíràn á ní ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan jókòó ṣẹ̀dá kì í wọlé sáàárín ìlú. Ọ̀pọ̀ kì í wọlé lóòótọ́, ẹnu sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ sì ni wọ́n ti ń mọ èyí tí yóò yè.

Ẹ jẹ́ ká gbé e sí ẹnu sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wò. Ìkanlẹ̀ kẹta, ó ku yáàdì mẹ́rin kí ilẹ̀ pé. Apínbọ́ọ̀lù gbà á, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó jù ú! Ahánbọ́ọ̀lù hán an, wọ́n fẹ́ dá a, kò ṣubú, ó ku yáàdì márùn-ún sí ilé, ó ku méjì, ó wọlé! Àmì mẹ́fà. Wọ́n ti gbé òṣùká sílẹ̀ fún èènì. Gbogbo èyí ṣe é sọ láìjẹ́ pé ahọ́n kọsẹ̀. Ibi tó ti ń kọsẹ̀ ni orúkọ àmì mẹ́ta tí à ń gbá gba òkè òpó ìdábùú. Ìgbásáàárín-òpó ni mo fún un, ó sì gùn jù fún ẹni tí eré ń lé léré. Kí àwọn oníròyìn rédíò gé e sí "ìsáàárín", tàbí kí wọ́n wá èyí tó kúrú jù ú lọ, níwọ̀n bí òpó méjèèjì bá ti ń hàn sí ẹni tó ń gbọ́ ọ.