Àkọsílẹ̀ Ìdámọ̀: Orúkọ Yorùbá fún Metadata Ilẹ̀

Máàpù tí kò sọ ẹni tó yà á, ọjọ́ tí wọ́n wọn ilẹ̀ náà àti ibi tí ìwọ̀n ti bẹ̀rẹ̀, ewu ni fún iléeṣẹ́ ìjọba tó bá gbára lé e. Àlàyé tó yẹ kó máa bá irú dátà bẹ́ẹ̀ rìn ni àwọn onímọ̀ ń pè ní metadata. Lọ́jọ́ 11 oṣù Kẹrin 1994, Ààrẹ Bill Clinton fọwọ́ sí Àṣẹ 12906 ní Amẹ́ríkà, tó sọ ọ́ di dandan fún iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ láti máa kọ ọ́ fún gbogbo dátà ilẹ̀ tuntun. Ní 2003, ISO, àjọ tó ń ṣe ìlànà fún àgbáyé, gbé ìlànà 19115 jáde lórí metadata ilẹ̀. Ní Nàìjíríà, NASRDA, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ìmọ̀ òfúrufú, ló ń ṣe kòkárí NGDI, ètò tó wà kí àwọn iléeṣẹ́ lè máa pín dátà ilẹ̀ láàárín ara wọn. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ gbogbo ìlànà wọ̀nyí, ṣùgbọ́n Yorùbá ni awọnlẹ̀ tó dé abúlé kan ní Òkè-Ògùn fi ń béèrè orúkọ odò lọ́wọ́ baálẹ̀.

Kí ni ká wá pè é? “Ìwífún nípa ìwífún” ń yípo ara rẹ̀ ni. Kò la akọ̀wé lóye. “Oríkì” dùn létí, ó sì ń sọ orírun, àmọ́ iṣẹ́ oríkì ni láti gbé ẹni ga, bó tilẹ̀ mẹ́nu ba àléébù rẹ̀. Metadata gbọ́dọ̀ sọ ibi tí dátà kù sí láìfi bò: “Ẹ má fi máàpù yìí parí ìjà ààlà.” Gbogbo ayé ti mọ káàdì ìdánimọ̀, ṣùgbọ́n “ẹni” wà nínú ìdánimọ̀, dátà kì í sì í ṣe ènìyàn. Nítorí náà, àkọsílẹ̀ ìdámọ̀ ni mo yàn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni datum, ìyẹn ohun tí a gbé ìwọ̀n kà. Òpó L40 nítòsí Minna ni ìwọ̀n ilẹ̀ Nàìjíríà àtijọ́ ti bẹ̀rẹ̀. WGS84 sì ni GPS ń lò. Bí a bá kọ ìlà ìbú àti ìlà òòró ibì kan ní Èkó tàbí Ìbàdàn láìsọ èwo nínú méjèèjì la fi wọ̀n ọ́n, ibẹ̀ lè yẹ̀ ní nǹkan bí 100 mítà. Ilé Lágbájá á bọ́ sí àdúgbò Tẹ̀mẹ̀dù. “Ìpìlẹ̀ ìwọ̀n” ni mo pe datum. N kò pè é ní orísun, torí ibi tí dátà fúnra rẹ̀ ti wá ni orírun, orísun àti orírun sì jọ ara wọn jù. Nínú àròfọ̀, ọ̀rọ̀ méjì tó jọra ń dùn. Nínú fọ́ọ̀mù, wàhálà ni wọ́n.

Bákan náà, òṣùwọ̀n (scale) yàtọ̀ sí ìpéye (accuracy). Lórí máàpù 1:50,000, sẹ̀ǹtímítà kan dúró fún 500 mítà. Bí a bá fẹ̀ ẹ́ lójú kọ̀ǹpútà, òṣùwọ̀n yí padà, ṣùgbọ́n ìpéye kò pọ̀ sí i. Ọjọ́ náà pín sí mẹ́ta: ọjọ́ ìwọnlẹ̀, ọjọ́ ìtẹ̀jáde àti ọjọ́ àtúnṣe. Ẹni tó ń wá ibi tí ẹ̀kún omi dé kò gbọ́dọ̀ ka ọ̀kan sí èkejì.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ la ó ṣẹ̀dá. Àwọn onígírámà wa fi “fáwẹ̀lì” sílẹ̀ bó ṣe wà, àmọ́ wọ́n ṣẹ̀dá “ọ̀rọ̀-ìṣe”. Kí dátà, máàpù àti sọ́fè dúró bẹ́ẹ̀. Ẹnu ọjà ti gbà wọ́n.

Àmì ohùn náà ṣe kókó. Bí a bá kọ Odò Ògùn láìfàmì sí i, Ògún, ogun àti ogún ti dàpọ̀ mọ́ ọn nínú katalọ́ọ̀gì nìyẹn. Ohun tí mo ń bẹ àwọn iléeṣẹ́ ilẹ̀ wa ni pé kí wọ́n jọ jókòó fẹnu kò lórí ìwé olójú-ewé kan, tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo, kí akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ lè kọ ọ́ dáadáa láìwá ògbufọ̀.