Ta Ni Ó Ń Ka Omi Abẹ́ Ilẹ̀ Rẹ́mọ?

Ọ̀rọ̀ omi ni mo gbé wá lónìí, omi ilẹ̀ Rẹ́mọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Ní ọdún 1872 ni ìlú mẹ́tàlá fohùn ṣọ̀kan láti máa gbé pọ̀ nítorí ààbò, tí Ṣàgámù fi di ìlú ńlá. Ọ̀fin, ìlú Akárìgbò, wà lára wọn. Mákùn wà níbẹ̀, àti Ẹ̀pẹ́, àti Ìjàgbà, àti àwọn yòókù. Bí àwọn òpìtàn bá ń ròyìn ọ̀rọ̀ yìí, ogun àti òwò ni wọ́n máa ń sọ. Èmi a máa ronú nípa odò. Ìlú mẹ́tàlá kò lè kóra jọ sí ibi tí kò sí omi. Odò Ìbù àti odò Eruwuru ni Ṣàgámù ní. Ìkẹ́nnẹ́ ní Uren.

Odò kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ń lò bó ti wù ú nígbà náà. Bí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá mi àgbà, a kì í ti ìkòkò tí èéfín ti mú ìdí rẹ̀ dúdú bọ odò mímu. Òkè odò ni a ti ń pọn omi. Ìsàlẹ̀ ni a ti ń wẹ̀, tí a ti ń fọṣọ, tí a sì ti ń rẹ ẹ̀gẹ́. (Ẹ̀gẹ́ ni gbáàgúdá o, ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́!) Ẹni tí ó bá rẹ ẹ̀gẹ́ sí òkè odò yóò rojọ́. Ẹ ṣàkíyèsí pé ojú ni òfin yìí gbára lé: gbogbo ìlú ló ń rí ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń ṣe sí omi.

Nígbà tí ó di 1978, ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì WAPCO, tí ó ti wà ní Ewékorò láti 1960, dá ilé iṣẹ́ kejì sílẹ̀ ní Ṣàgámù nítorí òkúta ẹfun tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ wa. Oríta tí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ti pàdé ọ̀nà Bìní tún fa àwọn mìíràn wá. Nestlé ṣí ilé iṣẹ́ Flowergate níbẹ̀ ní 2011. International Breweries ṣí ilé ọtí ní Ṣàgámù ní 2018. Kí a tó rí lítà ọtí bíà kan, lítà omi 3 sí 5 ni ilé ọtí sábà máa ń lò, nítorí fífọ ìgò àti àgbá wà níbẹ̀, ìmútútù ẹ̀rọ náà sì wà níbẹ̀. Ibi tí a bá sì ti wa òkúta ẹfun jìn, ó di dandan kí a máa fa omi kúrò nínú kòtò.

Kànga ẹ̀rọ kò ní òkè odò, kò ní ìsàlẹ̀ odò. Ojú kò tó o. Òfin omi ti 1993 fi omi abẹ́ ilẹ̀ tí ó bá kọjá ààlà ìpínlẹ̀ kan sí ìkáwọ́ ìjọba àpapọ̀. Àbújá sì jìn sí Eruwuru.

Àwọn ilé iṣẹ́ a máa gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún ìlú, wọn a gé rìbọ́n, wọn a ya fọ́tò. N kò bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Òùngbẹ kì í ṣe ohun àfiṣeré. Ṣùgbọ́n ọrẹ yàtọ̀ sí ìṣirò. Ohun tí òfin odò yóò bi wọ́n ni èyí: ẹ ń fa mélòó lójúmọ́? Èló ló ń padà, báwo ló sì ti rí nígbà tí ó padà?

Ní Plachimada, ní ìpínlẹ̀ Kerala ní Íńdíà, Coca-Cola ṣí ilé iṣẹ́ ní 2000. Àwọn ará abúlé ké gbàjarè pé kànga àwọn ń gbẹ, ó sì ń bàjẹ́. Ní 2003 ìgbìmọ̀ abúlé kọ̀ láti tún ìwé àṣẹ ilé iṣẹ́ náà ṣe, ní March 2004 iṣẹ́ dúró. Agbára láti kọ̀ wà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ abúlé lásán! N kò ní kí a ti ilé iṣẹ́ kankan pa ní Rẹ́mọ. Àwọn ọmọ wa ń jẹun níbẹ̀. Ohun tí mo ń fẹ́ ni kí a máa ka iye omi náà sókè lọ́dọọdún níwájú ọba àti ìlú.

Kànga kan wà ní agbo ilé wa tí bàbá mi àgbà gbẹ́. Ìgbà mẹ́ta ni mo ti rí i tí ìyá mi so okùn mìíràn mọ́ okùn ìfami rẹ̀. Bóyá ọ̀dá ni, bóyá àwọn ilé tuntun tí ó yí wa ká, bóyá ẹ̀rọ ńlá kan níbì kan. Ní gbogbo ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí ẹni tí a lè bi.