Àgùdà: Orúkọ tí Òwò Ẹrú Bí

Ọ̀kẹ́ àìmọye èrò ni ó ń wọkọ̀ láti Òṣòdì lọ sí Ìsọlọ̀ lójúmọ́. Díẹ̀ nínú wọn ni ó mọ̀ pé ẹrú ọba ni Òṣòdì Tápà, tí a fi orúkọ rẹ̀ pe àdúgbò náà, nígbà kan rí. Ọba Òṣìnlókun ni ó fi òun àti Dàda Antonio tẹ̀lé àwọn oníṣòwò Pọtogí lọ sí Bùràsíìlì. Òṣòdì padà wálé, ó sì di ológun pàtàkì fún Ọba Kòsọ́kọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún gba ojú òkun kan náà lọ tí ẹnikẹ́ni kò gbúròó wọn mọ́.

Lójú ọ̀nà yẹn ni ẹ̀sìn Àgùdà ti bá Èkó pàdé. Ní 1452, Póòpù Nicholas Karùn-ún kọ̀wé sí ọba Pọtogí pé ó lè kó àwọn Mùsùlùmí àti abọ̀rìṣà lẹ́rú títí ayé. Ní Luanda, àlùfáà a máa ṣe ìrìbọmi fún wọn kí ọkọ̀ tó ṣí; àwọn tí a kó láti Èkó, Bahia ni ọ̀pọ̀ wọn ti gbà á. Ara wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, wọ́n ní ọkàn ti bọ́! Póòpù Gregory Kẹrìndínlógún dẹ́bi fún òwò náà ní 1839, síbẹ̀ ọkọ̀ kò dáwọ́ dúró títí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi yìnbọn lu Èkó ní 1851, tí Kòsọ́kọ́ àti Òṣòdì sá lọ sí Ẹ̀pẹ́.

Báwo wáá ni ẹni tí a tà ṣe gba ẹ̀sìn olówó rẹ̀? Ní Salvador, àwọn aláwọ̀ dúdú ní ẹgbẹ́ ìjọ tiwọn, tí ó ń sin òkú wọn, tí ó sì ń dá owó jọ láti ra ọmọ ẹgbẹ́ padà. Kì í ṣe gbogbo ẹrú ni ó tọ ọ̀nà yẹn: ní oṣù Kìíní 1835, àwọn Mùsùlùmí Nàgó gbé ohun ìjà dìde ní ìlú kan náà.

Àwọn tí ó ti ibẹ̀ padà dé Èkó ni a pè ní Àgùdà, orúkọ tí ìjọ náà ń jẹ́ títí di òní. Wọn kò mú àlùfáà bọ̀. Ẹrú àtijọ́ kan, Padre Antonio, ni ó ń kó wọn jọ fún àdúrà kí àwọn àlùfáà láti ilẹ̀ Faransé tó fìdí múlẹ̀ ní 1868, ọdún tí Òṣòdì kú. Ẹni tí ó bá sọ pé òyìnbó ni ó gbé ìjọ yìí wọ Èkó kò wádìí.

Póòpù John Paul Kejì tọrọ àforíjì ní erékùṣù Gorée ní 1992. Ní ti ìwé 1452, ó di oṣù Kẹta 2023 kí Fátíkàánì tó kọ̀ ọ́ ní gbangba. Ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀ tí a gba ilẹ̀ wọn ni ìkéde náà sì dá lé, kì í ṣe ti àwọn tí a kó lẹ́rú.