Aáwọ̀ Golgi àti Cajal, àti Ọpọlọ Kantíkantí

Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá pọ́n jù, kì í pẹ́ kí kantíkantí tó bò ó, irú èyí tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè ní Drosophila. A óò fi ọwọ́ lé wọn, wọn a sì ti fò kí ọwọ́ wa tó débẹ̀. Báwo ni ohun tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ ti ṣe mọ̀ pé ọwọ́ ń bọ̀? Kí a tó lè dáhùn, ó yẹ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn aáwọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé méjì ní ilẹ̀ Yúróòpù.

Ní ọdún 1873, Camillo Golgi, ará Ítálì, rí ọ̀nà láti fi omi tí a fi fàdákà ṣe pa ọpọlọ láró. Díẹ̀ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì, èyíinì ni àwọn hóró tín-íntìn-ìntín tí a fi mọ ara, ni ó ń gba aró náà. Àwọn wọ̀nyí a dúdú bí èédú, tó bẹ́ẹ̀ tí a fi lè tọ ẹ̀ka wọn láti ìdí dé ṣóńṣó. Golgi ní àwọ̀n kan ṣoṣo ni gbogbo wọn. Santiago Ramón y Cajal, ará Spéìn, lo aró kan náà, ó sì ní rárá: sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan dá dúró, bí igi ti ń dá dúró nínú igbó bí ẹ̀ka wọn tilẹ̀ ń kan ara wọn. Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ ni èyí. Bí Golgi bá jàre, kò sí ohun tí a lè kà nínú ọpọlọ, kò sì sí ẹ̀yà tí a lè sọ lórúkọ.

Ní ọdún 1906 a pín ẹ̀bùn Nobel fún àwọn méjèèjì. Golgi dìde ní Stockholm, ó bu ẹnu àtẹ́ lu ẹ̀kọ́ Cajal. Cajal sì sọ ti tirẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Ó ṣe wá láàánú pé ẹni tí ó la ọ̀nà kò rí ibi tí ọ̀nà náà lọ. Ní àwọn ọdún 1950, awò ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù fi àlàfo tín-ín-rín tí ó wà láàrin sẹ́ẹ̀lì kan àti èkejì hàn. Cajal ni ó jàre.

Ní ọdún 2024 ni àwọn ọ̀mọ̀wé tí Mala Murthy àti Sebastian Seung ti Yunifásítì Princeton ṣáájú tẹ àwòrán gbogbo ọpọlọ abo kantíkantí kan jáde. Fífẹ̀ ọpọlọ náà kò pé mìlímítà kan, síbẹ̀ a ti gé e sí wẹ́wẹ́ tí ó ju 7,000 lọ. Kọ̀ǹpútà ni ó tọpa àwọn ẹ̀ka náà, ṣùgbọ́n ó ń ṣì wọ́n mú. Bí ó bá ṣe pé ẹnì kan ṣoṣo ni ó tún àṣìṣe rẹ̀ ṣe, ìbá gbà á ní nǹkan bí ọdún 33. Sẹ́ẹ̀lì 139,255 ni wọ́n kà, ẹ̀yà wọn sì ju 8,400 lọ.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ibi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wa. Ẹ̀yà kan wà tí a ń pè ní T5, tí ń ṣọ́ ohun dúdú tí ń rìn. Mẹ́rin ni irú rẹ̀: ọ̀kan fún ohun tí ń lọ síwájú, ọ̀kan fún èyí tí ń lọ sẹ́yìn, ọ̀kan fún èyí tí ń gòkè, ọ̀kan fún èyí tí ń sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀yà mìíràn, LPLC2, na ẹ̀ka mẹ́rin, ó sì ń gbọ́ ti mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí òjìji ọwọ́ bá ń fẹ̀ lọ sí ìhà gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà, LPLC2 a jí, a sì ké sí sẹ́ẹ̀lì ńlá kan tí okùn rẹ̀ gùn dé ibi tí a ti ń darí ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ a tapá sílẹ̀, kantíkantí a sì ti lọ.